Mítà Omi: Ẹlẹ́rìí Tí Kì í Ṣègbè

Omi kò lọ́tàá, ṣùgbọ́n owó omi a máa dá ọ̀tá sílẹ̀. Ní Alápótí àti àwọn àdúgbò tó yí Ṣàngó-Ọ̀tà ká, ọ̀pọ̀ ayálégbé ni bọ́hólù onílé ń fún lómi. Bí oṣù bá parí, wọn a ṣírò owó iná tí ó fa omi sókè, wọn a sì pín in dọ́gbadọ́gba. Ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé-iṣẹ́, tí omi tó ń lò kò ju kẹ́ẹ̀gì méjì lójúmọ́, yóò san iye kan náà pẹ̀lú ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà. Mo mọ ilé tí àwọn aládùúgbò kò ti kí ara wọn mọ́ nítorí èyí.

Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí mítà wà lórí páìpù tí ó wọ ilé ẹnì kọ̀ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ táńkì. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ náà ko onílé lójú o. Ẹ jẹ́ kí àgbà nínú yín ṣíwájú.

Bí àwọn mítà bá tò sí ojú kan, báwo ni ẹ ó ṣe mọ tiyín? Nígbà tí àwọn yòókù kò lo omi, ẹ ṣí ẹ̀rọ kan nínú ilé yín. Èyí tí ó bá ń yí ni tiyín.

Kíkà rẹ̀ kò le. Nọ́ńbà dúdú ni kí ẹ kọ sílẹ̀. Ẹ fi pupa sílẹ̀. Níbi tí ẹ bá ti rí àmì m³, ẹyọ kan jẹ́ lítà 1,000, èyíinì ni kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 lọ́nà 40. Bí ó bá jẹ́ 146 lóṣù tó kọjá, tí ó di 153 lónìí, ẹyọ 7 lẹ lò. Ká ní gbogbo ilé lo ẹyọ 28, tí owó rẹ̀ sì jẹ́ ₦14,000, ẹyọ kan di ₦500. ₦3,500 ni tiyín. Ọjọ́ kan náà ni kí gbogbo yín kà á, kí ẹ sì fi fóònù ya àwòrán rẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ènìyàn kan nílò lítà 50 sí 100 lójúmọ́. Nítorí náà, bí ẹni mẹ́rin bá lo ẹyọ 6 lóṣù, wọn kò nà án ní ìnákúnàá. Ṣùgbọ́n bí nọ́ńbà bá fò sókè lójijì, ẹ ti gbogbo ẹ̀rọ lálẹ́, kí ẹ wo àmì kékeré tí ń yí lójú mítà. Bí ó bá ṣì ń yí, omi ń jò níbìkan. Ẹ kọ́kọ́ yẹ táńkì ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wò.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ máa de ìdérí rẹ̀, kí iyanrìn má bò ó. Bọ́hólù a máa gbé iyanrìn wá, nítorí náà kí púlọ́mbà máa fọ asẹ́ tí ó wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí táńkì gbẹ pátápátá, nítorí afẹ́fẹ́ inú páìpù lè yí mítà bí ẹni pé omi ni.

Mítà kò ní sọ omi di ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ohun tí òun san owó lé lórí kò ní fi ojú olè wo aládùúgbò rẹ̀.