Òkúta Màrínà àti Ilé Tiwa

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé, bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Òwe yìí ni ó wá sí wa lọ́kàn ní ọdún Kérésìmesì tí ó kọjá, nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń ṣiṣẹ́ ní Èkó wá sí Ilé-Ogbó láti kí àwọn òbí rẹ̀. A bi í léèrè ohun tí ó ń rí ní ọ̀nà Màrínà tí ó ń gbà lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ó dáhùn pé, "Bàbá, ilé gíga ni, bánkì ni, àti ọkọ̀ ojú irin tuntun." A tún bi í bí ó bá mọ ẹni tí a sin sí inú ilé Ọlọ́run ńlá tí ó wà ní ọ̀nà náà. Ó ní òun kò mọ̀. Ẹ̀bi náà kì í ṣe tirẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí ó sọ fún un. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ mú àwọn ará ilé wa rìn ní Màrínà ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹni tí ó ní ọmọ ní Èkó lè rí ohun tí yóò sọ fún un.

Etí ọ̀sà ni Màrínà wà, ní Erékùṣù Èkó. Ní ìgbà àtijọ́, omi ni àwọn ilé rẹ̀ kọjú sí. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún 1970 sí 1979 ni a kó iyanrìn dí apá kan ọ̀sà náà láti la ọ̀nà ńlá, omi sì jìnnà sí ojú àwọn ilé tí ó ti ń wò ó láti ìgbà pípẹ́. Ọkọ̀ ojú irin tí ọ̀dọ́mọkùnrin wa sọ̀rọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò láti Mile 2 wá sí ibẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023.

Bí a bá ti ìhà Oníkan bẹ̀rẹ̀, ilé àwọn Gómìnà ni a ó kọ́kọ́ rí. Ọdún 1886 ni a kọ́ ọ. Inú rẹ̀ ni àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì gbé títí di ọdún 1960 tí Nàìjíríà gba òmìnira. Ní ọdún 1991 ni olú-ìlú kúrò ní Èkó lọ sí Àbújá, ní ọdún 2017 sì ni ìjọba àpapọ̀ fi ilé náà lé ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó lọ́wọ́. Àwọn tí ó ni ín ti yí padà, ṣùgbọ́n ilé náà dúró.

Ní Broad Street, ọ̀nà tí ó bá Màrínà rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ni ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ wà. Ní ọdún 1885 ni a fi bíríkì tí a kó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ ọ́n. Herbert Macaulay wà lára àwọn tí a tì mọ́ inú rẹ̀. A wó o ní ọdún 1979, ilẹ̀ náà sì di ààtàn. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010, nígbà tí òmìnira pé àádọ́ta ọdún, a ṣí i gẹ́gẹ́ bí Ọgbà Òmìnira. Theo Lawson ni ó ya àwòrán rẹ̀. Níbi tí àwọn ènìyàn ti sọkún rí, níbẹ̀ ni a ti ń kọrin tí a sì ń ṣeré nísinsìnyí, a kò sì fi ohun tí ibẹ̀ jẹ́ tẹ́lẹ̀ pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Màrínà, kí a sì dúró pẹ́ díẹ̀ níwájú Kàtídírà ti Kristi. Ọdún 1867 ni a fi ìpìlẹ̀ ilé ìsìn àkọ́kọ́ sọlẹ̀ níbẹ̀. Èyí tí a ń wò lónìí, Bagan Benjamin ni ó ya àwòrán rẹ̀. Ní ọdún 1924 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì sì fi òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 1925. Kò parí títí di ọdún 1946. Ẹ wo ìyẹn, ẹ̀yin ará! Ọmọ tí a bí ní ọdún tí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ti di géńdé kí a tó parí rẹ̀.

Inú ilé yìí ni Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther sùn sí. Ní ọdún 1821 ni a kó o lẹ́rú ní Òṣogùn. Ní ọdún 1864 ni a fi í jẹ Bíṣọ́ọ̀bù, ọmọ Áfríkà àkọ́kọ́ tí ìjọ Áńgílíkà fi sí ipò náà. Bíbélì èdè wa tí ń bẹ lórí tábìlì yín, òun ni ó ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ ìtumọ̀ rẹ̀. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1891, a sì sin ín sí itẹ́ òkú Ajélè. Lẹ́yìn náà ìjọba pinnu láti fi ilẹ̀ itẹ́ òkú náà kọ́ ilé iṣẹ́. Àwọn ìbátan rẹ̀ àti ìjọ kò dákẹ́; wọ́n gbé egungun rẹ̀ wá sí Kàtídírà, wọ́n sì gbé ohun ìrántí ró fún un. Kì í ṣe gbogbo àwọn tí a sin sí Ajélè ni ó rí ẹni béèrè wọn bẹ́ẹ̀.

Kò jìnnà sí ibẹ̀, ní Ìta Tinúubú, ni ilé kan wà tí a ń pè ní Ilojo Bar. Ọdún 1855 ni a kọ́ ọ fún ìdílé Fernandez, gẹ́gẹ́ bí àṣà ilé àwọn Àgùdà tí ó ti Brasil dé. Ní ọdún 1956 ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Síbẹ̀, ní ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, a wó o lulẹ̀. Òfin wà, àkọlé wà, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú, òkìtì àlàpà ni ó kù.

Kí ni ó fa ìyàtọ̀ yìí? Ní tiwa, a rò pé ìwé ìjọba nìkan kò lè gba ilé là. Ohun tí ó gba ìrántí Crowther là ni pé àwọn ènìyàn wà tí wọ́n lè wí pé, tiwa ni, a mọ̀ ọ́n, a kò ní jẹ́ kí ó parẹ́. Níbi tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò bá sí, tàbí tí wọn kò pọ̀ tó, ìtàn ni ó ń kọ́kọ́ wó nínú ilé, kí ògiri tó tẹ̀lé e.

Ṣé ti Èkó nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí? Rárá o. Ní Ilé-Ogbó níhìn-ín, ilé alámọ̀ tí àwọn bàbá wa kọ́ ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì ń fi búlọ́ọ̀kù àti páànù tuntun rọ́pò wọn. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni máa gbé inú ilé tí ń jò nítorí ìtàn. Ṣùgbọ́n kí a tó gbé ọkọ́ sí i, ẹ pe àwọn ọmọ jọ. Kí ẹni tí ó dàgbà jù sọ ẹni tí ó kọ́ ilé náà, ọdún tí ó kọ́ ọ, àti iṣẹ́ tí ó fi rí owó rẹ̀. Ẹ ya àwòrán rẹ̀. Ẹ tọ́jú ilẹ̀kùn kan tàbí òpó kan. Kí ẹ sì kọ gbogbo rẹ̀ sí ojú ewé àkọ́kọ́ Bíbélì ìdílé, níbi tí ẹ ń kọ ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ sí. Bákan náà ni kí ẹ ṣe fún ilé ìsìn àtijọ́ àti ibojì àwọn tí ó kọ́kọ́ gba ìhìn rere láàárín yín.

Ẹ rántí pé nígbà tí Ísírẹ́lì la Jọ́dánì kọjá, òkúta méjìlá ni a ní kí wọ́n tò jọ, kí àwọn ọmọ lè béèrè ìtumọ̀ wọn lọ́jọ́ iwájú. Òkúta kò lè dáhùn ìbéèrè ọmọ. Bàbá àti ìyá ni a yan ìdáhùn fún. Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin wa yóò padà sí Èkó, ó ṣèlérí pé òun yóò yà sí Kàtídírà náà ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́. Ẹ̀yin òbí, ọmọ tiyín ń kọ́?