Bí ẹ bá lọ sí Ìdánrè, ẹ sùn síbẹ̀

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, gbogbo wa la mọ bí ìrìn-àjò ẹgbẹ́ sí Òkè Ìdánrè ṣe ń rí. Bọ́ọ̀sì á gbéra ní Múṣin ní ìdájí. Bí a bá dé ọ̀hún, a ó gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600, a ó ya fọ́tò, a ó sì tún forí lé Èkó lọ́jọ́ náà. Àpáta nìkan la lọ kí. A ò kí ìlú.

Bẹ́ẹ̀, ìlú ni orí òkè yẹn. Títí di nǹkan bí ọdún 1923, òkè níbẹ̀ ni àwọn ará Ìdánrè ń gbé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Ààfin àtijọ́ ti Ọwá ṣì wà níbẹ̀, ilé ẹjọ́ àtijọ́ náà wà níbẹ̀, àti ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn, èyí tí wọ́n ní ó máa ń bá ẹsẹ̀ tọmọdé tàgbà mu. Àwọn tó gbọ́ ìtàn ibẹ̀ lẹ́nu àwọn tó gbé òkè náà ti darúgbó báyìí, ìsàlẹ̀ ni wọ́n sì wà. Àwa ò sì yà lọ́dọ̀ wọn rí.

Wọ́n ní ara èso iṣin ni orúkọ Múṣin ti wá. Ẹ bá mi wá igi iṣin kan níbẹ̀ ná.

Láti 2007 ni Ìdánrè ti wà lórí ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO gbà wọlé. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ti wọlé ní 2005. Ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ ọdún ni Susanne Wenger àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú náà fi jókòó ti igbó yẹn, tí wọ́n ń tún ojúbọ rẹ̀ ṣe.

Àwa ò lè ṣe tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n a lè sùn síbẹ̀ lóru ọjọ́ kan. Ká ra oúnjẹ lọ́wọ́ ìyá olóńjẹ ibẹ̀ dípò kúlà ìrẹsì tí a ń gbé láti Èkó. Ká sanwó fún ọmọ Ìdánrè tó máa mú wa gun òkè. Ká rí bí wọ́n ṣe ń sá kòkó. Àwọn òbí á ní ojú ọ̀nà ń ba àwọn lẹ́rù. Òótọ́ ni, ṣé ìrìn òru tí a fi ń padà wá kò wá burú jù ni?

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, owó aṣọ ẹgbẹ́ tí ẹ máa ń fi ránṣẹ́, ẹ jẹ́ ká fi tọdún yìí san owó ilé ìtura. Kí olúkúlùkù sì fi fóònù rẹ̀ gba ohùn àgbà kan sílẹ̀. Bí àyè ò bá sí lórí fóònù, ẹ pa fọ́tò àtẹ̀gùn tẹ̀ẹ̀kan rẹ́.