Tẹ́tẹ́ Pókà Orí Íntánẹ́ẹ̀tì: Bí Ó Bá Jẹ́ Ọgbọ́n, Ọgbọ́n Kí Ni?

 

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ń sọ láàárín ara wọn. Bí wọ́n bá bi ẹlẹgbẹ́ wọn tí ó ń ta pókà lórí fóònù léèrè ìdí tí ó fi ń ta á, èsì méjì ni ó máa ń fọ̀. Èkíní, pé pókà kò dà bí tẹ́tẹ́ yòókù, nítorí pé ọgbọ́n ni wọ́n fi ń ta á, kì í ṣe oríire. Èkejì, pé owó táṣẹ́rẹ́ ni òun ń fi ta á, kò sì lè pa ẹnikẹ́ni lára. Ẹni tí ó bá fi ariwo "hàrámù ni" nìkan dá irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ lóhùn kò tíì dá a lóhùn. Òótọ́ ni pé hàrámù ni, ṣùgbọ́n ó tọ́ kí a yẹ àwíjàre méjèèjì wò fínnífínní, kí ọ̀dọ́ náà lè fi ojú ara rẹ̀ rí ibi tí wọ́n ti yẹ̀.

Ẹ̀kọ́ Tí Wọ́n Ń Kọ́ Ẹni Tuntun

Káàdì 52 ni wọ́n ń lò. Nínú irú pókà tí ó gbajúmọ̀ jù lọ, èyí tí wọ́n ń pè ní Texas Hold'em, wọn a fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní káàdì méjì tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ rí, wọn a sì ṣí márùn-ún sílẹ̀ lórí tábìlì fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ó bá rí káàdì márùn-ún tí ó dára jù lọ kó jọ nínú méjèèje ni yóò kó owó tí gbogbo wọn dá. Tàbí kí ẹnì kan fi owó ńlá dẹ́rù ba àwọn yòókù títí wọn yóò fi ju káàdì tiwọn sílẹ̀. Ní àwọn tábìlì tí ó kéré jù lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, sẹ́ǹtì kan àti sẹ́ǹtì méjì owó Amẹ́ríkà ni ẹni méjì gbọ́dọ̀ fi lélẹ̀ kí ayò tó bẹ̀rẹ̀. Dọ́là méjì péré ni ènìyàn sábà máa ń gbé jókòó níbẹ̀. Èyí ni wọ́n ń pè ní owó táṣẹ́rẹ́.

Ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni ẹni tuntun yóò kọ́kọ́ gbọ́. Wọn yóò ní kí ó ṣe sùúrù, kí ó máa ju ọ̀pọ̀ jù lọ nínú káàdì tí wọ́n bá fún un sílẹ̀, nítorí pé nínú ọ̀nà 1,326 tí káàdì méjì lè gbà pàdé, díẹ̀ ni ó yẹ kí ènìyàn fi owó lé. Wọn yóò ní kí ó fẹ́ràn àyè tí yóò ti ṣe tirẹ̀ kẹ́yìn, nítorí pé ẹni tí ó kẹ́yìn ti rí ohun tí àwọn yòókù ṣe. Wọn yóò ní kí ó má ṣe gbé ju ìdá kékeré lọ nínú gbogbo owó rẹ̀ sí orí tábìlì kan, kí ó sì máa kọ èrè àti àdánù rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni wọ́n sì ń tẹnu mọ́ jù: kí ó wá tábìlì tí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ta bá jókòó sí.

Kò sí irọ́ níbẹ̀, ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2017, ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Libratus, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn onímọ̀ Yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà, ta ayò 120,000 pẹ̀lú mẹ́rin nínú àwọn tí ó fi pókà ṣe iṣẹ́, ó sì borí wọn. Ní ọdún 2019, èyí tí ó tẹ̀lé e, Pluribus, borí àwọn ògbóǹtagí ní tábìlì ẹni mẹ́fà. Ohun tí ó bá jẹ́ oríire lásán kò ṣeé kọ́ ẹ̀rọ. Nítorí náà, kí a gbà fún ọ̀dọ́ náà pé ọgbọ́n ni. Ìbéèrè tí ó kù ni pé: ọgbọ́n kí ni?

Ta Ni Ó Ń Jèrè?

Kí ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ràn ìṣirò mú bébà àti gègé. Ẹni mẹ́fà jókòó sí tábìlì, ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé dọ́là méjì wá. Dọ́là 12 ni gbogbo rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó gbin nǹkan kan níbẹ̀, kò sí ẹni tí ó rán aṣọ, kò sí ẹni tí ó kọ́ ilé. Dọ́là 12 yìí kan náà ni yóò máa ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tí ó ni tábìlì ń yọ tirẹ̀ nínú owó tí wọ́n bá dá, èyí tí ó sábà máa ń wà láàárín ìdá 3 àti 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí wọ́n bá dá dọ́là kan, tí ilé sì yọ sẹ́ǹtì márùn-ún, nígbà tí irú rẹ̀ bá fi wáyé nígbà 240, gbogbo dọ́là 12 náà yóò ti bọ́ sápò ilé, bí ẹnikẹ́ni kò bá gbé owó tuntun wá. Ìdí nìyí tí ó fi di dandan fún ilé kí ẹni tuntun máa wọlé, kí ẹni tí ó pàdánù sì máa padà wá. Ní ọdún 2014, ilé iṣẹ́ Amaya ti ilẹ̀ Kánádà ra ilé iṣẹ́ tí ó ni PokerStars àti Full Tilt ní bílíọ̀nù 4.9 dọ́là. Sẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi kó irú ọrọ̀ bẹ́ẹ̀ jọ.

Kí ni ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ta wá ń rí? Ní tábìlì sẹ́ǹtì kan àti méjì, ẹni tí ó bá ń jèrè sẹ́ǹtì 10 nínú ọgọ́rùn-ún ayò, ọ̀gá ni wọ́n ń kà á sí níbẹ̀. Tábìlì kan lè ta nǹkan bí ayò 70 ní wákàtí kan. Èyí já sí sẹ́ǹtì méje ní wákàtí. Bí ó bá ṣí tábìlì mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, tí ó sì jókòó tì wọ́n fún wákàtí mẹ́rin gbáko, èrè rẹ̀ jẹ́ dọ́là kan àti sẹ́ǹtì 12. Owó dátà yóò sì tún jẹ nínú rẹ̀. Ti ọ̀gá nìyẹn o. Ti akẹ́kọ̀ọ́ ńkọ́? Ẹni tí ó di Ace méjì mú, tí ẹni tí ó kojú rẹ̀ di King méjì mú, yóò ṣì pàdánù nǹkan bí ìgbà 18 nínú ọgọ́rùn-ún, bí wọ́n bá ta á dé òpin. Nítorí náà, ó di ìgbà tí ènìyàn bá ta ọ̀kẹ́ ayò bíi mélòó kan kí ó tó lè fi gbogbo ẹnu sọ bóyá ọgbọ́n ni òun fi ń jẹ tàbí oríire.

Ta Ni Ẹja?

Àwọn atapókà ní orúkọ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta: ẹja ni wọ́n ń pè é. Ibí yìí ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Bí télọ̀ bá mọṣẹ́ sí i, oníbàárà rẹ̀ ni yóò wọ aṣọ tí ó dára sí i. Bí káfíńtà bá mọṣẹ́ sí i, àga kò ní tètè yẹ̀ mọ́ ẹni tí ó rà á nídìí. Olówò tí ó gbọ́n, òun àti ẹni tí ó bá a nájà ni wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín lọ sílé. Ṣùgbọ́n atapókà, bí ó ti ń mọ̀ ọ́n sí i ni àdánù ẹni tí ó jókòó tì í ń pọ̀ sí i. Bí gbogbo ènìyàn orí tábìlì bá mọ̀ ọ́n ta dọ́gba, ilé nìkan ni yóò jẹ. Ọgbọ́n yìí kò lè rí oúnjẹ jẹ láìsí ẹni tí kò gbọ́n.

Ta wá ni ẹja náà? Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ojú kò rí ojú. Orúkọ àlàjẹ́ lásán ni ó wà níbẹ̀. Ó lè jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí owó ilé ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lè jẹ́ baba tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó ń wá bí yóò ti dá ohun tí ó pàdánù lánàá padà lónìí. Ẹ̀kọ́ Ànábì ni pé kí Mùsùlùmí fẹ́ fún arákùnrin rẹ̀ ohun tí ó fẹ́ fún ara rẹ̀. Atapókà wo ni ó lè gbàdúà kí ẹni tí ó jókòó kọjú sí i gbọ́n, kí ó sì mú owó rẹ̀ lọ sílé láìdín? Ọgbọ́n tí ń dúró de àìmọ̀kan ẹlòmíràn kí ó tó yó, ohun tí Mùsùlùmí ń sá fún ni.

Owó Táṣẹ́rẹ́ Ńkọ́?

Àwọn olùtúmọ̀ Alùkùránì ti ṣàlàyé irú tẹ́tẹ́ tí àwọn Lárúbáwá ń ta ní ìgbà àìmọ̀kan. Wọn a pa ràkúnmí, wọn a pín in, wọn a sì máa fa ọfà mẹ́wàá. Méje nínú wọn ní ìpín, mẹ́ta jẹ́ òfìfo. Àwọn tí òfìfo bá bọ́ sí lọ́wọ́ ni yóò san owó ràkúnmí. Àwọn tí ó bá jẹ kì í sì í kó ẹran náà lọ sílé. Àwọn aláìní ni wọn ń fún, wọ́n sì ń fi ṣe ìyangàn. Tẹ́tẹ́ tí tálákà ń tipa rẹ̀ jẹ ẹran nìyẹn. Síbẹ̀, nínú Suratul-Baqarah, ẹsẹ̀ 219, Ọlọ́hun kò sẹ́ pé àǹfààní wà nínú tẹ́tẹ́, ṣùgbọ́n Ó fi hàn pé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ tóbi ju àǹfààní rẹ̀ lọ. Bí èyí tí ń bọ́ aláìní kò bá là, báwo ni èyí tí kò bọ́ ẹnikẹ́ni àyàfi ilé iṣẹ́ yóò ṣe là?

Àwọn àgbà sì ní kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò, nítorí bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ìtàn tí ó fa ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wọ inú pókà ni ti Chris Moneymaker, akáǹtáǹtì kan ní Amẹ́ríkà, tí ó fi dọ́là 86 wọlé láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ó sì gba mílíọ̀nù 2.5 dọ́là ní ìdíje Las Vegas ní ọdún 2003. Ẹni 839 ni ó wọ ìdíje náà. Owó tí ó gbé lọ sílé, láti àpò wọn ni ó ti wá. Gbogbo ayé ni ó mọ orúkọ rẹ̀. Ta ni ó rántí orúkọ àwọn 838 yòókù?

A kò tíì sọ ti jìbìtì. Ní ọdún 2007 àti 2008, àṣírí tú pé ní Absolute Poker àti UltimateBet, àwọn kan ń rí káàdì àwọn tí wọ́n jọ ń ta ayò. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà sì gbé ẹ̀sùn dìde sí àwọn ilé pókà ńlá ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 2011, ó hàn pé Full Tilt kò ní owó tí yóò fi san ti àwọn oníbàárà rẹ̀. Ọdún 2014 ni àwọn ará Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ sí rí tiwọn gbà padà.

Àdánù Tí Kò Ní Ìṣirò

Ẹsẹ̀ 90 àti 91 nínú Suratul-Ma'idah ka tẹ́tẹ́ mọ́ iṣẹ́ èṣù, wọ́n sì sọ ìdí rẹ̀: ó ń dá ọ̀tá àti ìkórìíra sílẹ̀, ó sì ń dènà ìrántí Ọlọ́hun àti ìrun kíkí. Ẹni tí ó ṣí tábìlì mẹ́rin, tí owó rẹ̀ wà lórí mẹ́ta nínú wọn, ṣé yóò dìde nígbà tí wọ́n bá pe ìrun Alásárì? Àwọn atapókà fúnra wọn mọ àrùn kan tí ń mú ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù: ìbínú yóò gba ọkàn rẹ̀, yóò máa da owó sílẹ̀ bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Ẹ̀kọ́ tiwọn ni pé kí ó sinmi, kí ó sì padà wá. Ẹ̀kọ́ ti Ẹ̀sìn ni pé kí ó má padà wá mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, sùúrù, ìṣirò, kíkọ èrè àti àdánù sílẹ̀, kí ènìyàn má ṣe gbé gbogbo owó rẹ̀ lé orí ohun kan ṣoṣo: ìwà rere ni gbogbo wọn, ṣọ́ọ̀bù, oko àti ibi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti wúlò. Ní ọdún 1654, ìbéèrè lórí owó tẹ́tẹ́ ni Pascal àti Fermat fi ń kọ lẹ́tà sí ara wọn ní ilẹ̀ Faransé, ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí ó jáde níbẹ̀ ni àwọn oníṣirò ìlera àti ti ewu ń lò káàkiri ayé lónìí. Kí ẹni tí ó ní irú orí bẹ́ẹ̀ gbé e lọ síbi tí ẹlòmíràn yóò ti jàǹfààní rẹ̀.

Kí ẹni tí ó ti wà nínú rẹ̀ jáwọ́ lónìí. Kí ó gba owó tirẹ̀ tí ó ṣẹ́kù jáde, kí ó fún àwọn aláìní ní èrè orí rẹ̀ láìretí láádá, kí ó sì pa ohun tí ó fi ń ta á rẹ́ lórí fóònù. Kí àwọn òbí àti àwọn aṣáájú má ṣe fi ẹni tí ó wá túúbá ṣẹ̀sín, nítorí ẹni tí ìtìjú lé kúrò ní mọ́sálásí, tábìlì yóò gbà á padà tayọ̀tayọ̀. Kí Ọlọ́hun fi hálálì rọ̀ wá lọ́rùn kúrò nínú hàrámù. Àmín.