Sí Gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó: Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Wọn Ìjì Ọ̀sà Kí Wọ́n Tó Ri Òpó Afárá Kẹrin

Gómìnà wa,

Láti ọjọ́ tí ìjọba Èkó ti ń gbèrò Afárá Kẹrin ni a ti ń gbọ́ bí yóò ṣe gùn tó àti iye owó tí yóò ná wa. Ìjì tí yóò máa lù ú lójoojúmọ́ ni ẹnikẹ́ni kì í sọ fún aráàlú.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ferrybridge, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́jọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 1965. Ilé iṣẹ́ amúnáwá kan wà níbẹ̀ tó ní ilé kọnkéré rìbìtì mẹ́jọ tí wọ́n fi ń mú omi gbígbóná tutù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ga ju mítà 110 lọ. Mẹ́ta wó lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ àwọn tó wà níwájú, tí ìjì kọ́kọ́ bá, kò wó. Àwọn tó wà lẹ́yìn wọn ló wó. Ìjì fún ara rẹ̀ gba àlàfo àárín àwọn ti iwájú, ó le sí i, ó di ààjà, ó sì ń já lu àwọn ti ẹ̀yìn léraléra. Nígbà tí wọ́n ń ya àwòrán wọn, ìdá àárín agbára ìjì láàárín ìṣẹ́jú kan ni wọ́n fi ṣírò, wọn ò ka èyí tó ń já luni fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ sí. Èyí tó dùn mí jù ni pé ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ṣe ìdánwò, bí ẹni pé kò ní ní aládùúgbò.

Afárá Tacoma Narrows l'Amẹ́ríkà ńkọ́? Oṣù Keje ọdún 1940 ni wọ́n ṣí i, ó já sómi lọ́jọ́ 7 oṣù Kọkànlá ọdún náà. Ìjì tó já a kò ju nǹkan bíi kìlómítà 67 ní wákàtí kan lọ. Èyí tó ń ṣáájú òjò níhìn-ín a máa le jù bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Ojú afárá náà fẹ́lẹ́ jù. Bó bá ti yí díẹ̀, ìjì á ríbi tì í, yíyí náà á sì máa pọ̀ sí i, títí irin fi já.

Gómìnà wa, Afárá Lẹ́kí sí Ìkòyí tí wọ́n ṣí lọ́dún 2013 ń fi wáyà rọ̀ lórí ọ̀sà. Ilé gogoro sì ń dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní Eko Atlantic, létí òkun gan-an. Ilé tí a bá kọ́ lónìí lè sọ ìjì di ààjà fún èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá. Kí àwọn tó ń fọwọ́ sí ìwé àṣẹ ilé gíga máa béèrè ìdánwò tó ka aládùúgbò mọ́ ọn, kí ẹ sì tẹ èsì ti Afárá Kẹrin jáde kí gbogbo ẹnjiníà wa lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìwọ̀n ìjì ọdún púpọ̀ ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́, kò ṣeé fi ìkánjú ṣe. Ẹ pàṣẹ kí wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń wọn ìjì sójú ọ̀sà kí òjò tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni,
Ọmọ Èkó kan tó ń san owó orí.