Ta Ló Gba Oúnjẹ Lẹ́nu Baba Sàlá?

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi rín. Nínú àwọn tó kọ́ wa ní irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀, ọmọ Iléṣà kan wà tí a jẹ ní gbèsè títí ó fi papò dà.

Ọdún 1936 ni wọ́n bí Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, ẹni tí gbogbo wa mọ̀ sí Baba Sàlá. Olórin ni kó tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká òṣèré. Sunny Adé, tí wọ́n bí ní Òṣogbo, wà lára àwọn tó bá a ṣe nínú ẹgbẹ́ orin rẹ̀. Nígbà tí ó gba ojú amóhùnmáwòrán ní Ìbàdàn, férémù awò ojú ràgàjì tí kò ní dígí àti táì gbàgẹ̀rẹ̀ tó rí bíi labalábá ti tó láti pa ènìyàn lẹ́rìn-ín kó tó la ẹnu.

Àwọn kan gbà pé awàdà lásán ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ta ni Baba Sàlá ń ṣe lórí ìtàgé? Ahun ni, ojo ni, afẹ́-bí-ọlọ́lá tó fẹ́ lówó láìṣiṣẹ́. Ní àsìkò tí owó epo rọ̀bì ń pa orílẹ̀-èdè yìí bí ọtí, ìwà ta ló tún jọ èyí bí kò ṣe ti àwọn tó ń ṣe olórí wa? Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ara rẹ̀ mọ̀.

Ọgbọ́n ńlá ni. Ní 1964, Hubert Ògúndé sọ òkò ọ̀rọ̀ ní tààrà nínú eré Yorùbá Ronú; ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì di 1966 kí àwọn ológun tó gbé e kúrò. Baba Sàlá gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé: ó sọ ara rẹ̀ di òmùgọ̀ kí ọlọ́gbọ́n lè rí ara rẹ̀. Irú ọgbọ́n yìí ni akọ̀ròyìn Amẹ́ríkà kan, Charles Farrar Browne, lò nígbà tó ń kọ̀wé lórúkọ Artemus Ward, bí ẹni tí kò mọ̀wé. Ní oṣù Kẹsàn-án 1862, Ààrẹ Lincoln ka awàdà rẹ̀ kan sí àwọn mínísítà rẹ̀ létí kó tó fi ìwé ìdásílẹ̀ àwọn ẹrú hàn wọ́n.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ta ló wá ṣẹ́ Baba Sàlá lápá? Ní 1982, òun àti olùdarí Ọlá Balógun gbé fíìmù Ọ̀run Móoru jáde, ìtàn ọkùnrin tí oníjìbìtì fi oògùn owó sọ di ẹdun arinlẹ̀. Kí Baba Sàlá tó rí owó rẹ̀ kó jọ, àwọn olè ti da fíìmù náà kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n ń tà á kiri. Gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹni tó fi jìbìtì ṣe wá lẹ́rìn-ín, jìbìtì náà ni a fi san án fún un.

Mo ní “a” nítorí pé olè kò lè tajà bí kò bá rí oníbàárà. Ẹlòmíràn yóò ní tálákà ni aráàlú. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì olè kì í ṣe ọ̀fẹ́. Owó la fi rà á. Ẹni tí kò ṣiṣẹ́ la san án fún.

Baba Sàlá kú ní Iléṣà ní oṣù Kẹwàá 2018. Àwọn olóyè àti olóṣèlú kẹ́dùn, bí ó ti yẹ. Ṣùgbọ́n lónìí, orí fóònù ni àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ń ṣe awàdà, àwọn kan sì ń jí iṣẹ́ wọn gbé sórí ojú ewé tiwọn láti fi pawó. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà ti 2022 wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n òfin tí a kò lò kò yàtọ̀ sí ọ̀bẹ inú àkọ̀.

Kí ìjọba Ọ̀ṣun àti ti àpapọ̀ mú òfin yìí lò. Kí àwa náà máa wo iṣẹ́ aláwàdà lójúlé rẹ̀, kí a sì san owó rẹ̀ fún un. Bí aláwàdà bá kú sínú gbèsè, ta ni yóò máa bá wa sọ òótọ́ tí ẹnu wa kò gbà?