Tọ́rọ́ Àwọn Ará Tredegar

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: gbogbo wa la mọ òwe yìí. Ṣùgbọ́n ìlú kan ní Wales wà tó fi í ṣe ìwà hù. Tredegar lorúkọ rẹ̀.

Àfonífojì Odò Sirhowy ni ìlú náà wà, òkè sì yí i ká. Irin yíyọ́ àti èédú wíwà ló sọ ọ́ di ìlú láti nǹkan bí ọdún 1800. Iṣẹ́ abẹ́ ilẹ̀ léwu: ilẹ̀ a máa ya lu òṣìṣẹ́, eruku èédú a sì máa ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ kò dúró de ìjọba. Wọ́n dá ẹgbẹ́ Tredegar Medical Aid Society sílẹ̀, wọ́n ń yọ tọ́rọ́ nínú pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá gbà. Owó yìí ni wọ́n fi gba dókítà àti nọ́ọ̀sì fún ara wọn àti ìdílé wọn.

Aneurin Bevan, ọmọ bíbí ìlú náà, wọ kòtò èédú ní ọmọ ọdún 13. Nígbà tó di mínísítà ètò ìlera, ó sọ irú ètò yìí di ti gbogbo Britain ní July 5, 1948. Inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ dókítà àti nọ́ọ̀sì ọmọ Yorùbá ti ń ṣiṣẹ́ lónìí.

Lẹ́yìn náà, kòtò èédú kógbá wọlé. Ilé iṣẹ́ irin Ebbw Vale nítòsí náà tì ní 2002. Iṣẹ́ wá wọ́n, ọ̀pọ̀ sì gbójú lé owó ìrànwọ́ ìjọba. Àwọn kan ní ọ̀lẹ ni wọ́n. A kò gbà. Iṣẹ́ ló fi wọ́n sílẹ̀, kì í ṣe àwọn ló fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Àwa ńkọ́? Ijó àti àsè ni púpọ̀ nínú owó ẹgbẹ́ wa ń bá lọ. Bí ọ̀kan nínú wa bá ṣàìsàn, a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbé fìlà kiri kíláàsì. Bẹ́ẹ̀, ilé jìnnà síbi tí a wà yìí. Àwa la ni ara wa. A dábàá pé kí á máa ya ìdá kan nínú mẹ́rin owó ẹgbẹ́ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú aláìsàn, kí akápò sì máa ka ìṣirò rẹ̀ sétí wa ní gbogbo ìpàdé.

Tọ́rọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní Tredegar. Kí ni àwa ń dúró dè?