Ọba Di Máàkì Márùn-ún

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ gbà mí láàyè kí n fi ẹjọ́ kan sùn yín. Èmi ni olùpẹ̀jọ́, èmi náà sì ni ọ̀daràn.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, èmi àti ẹni tí a jọ ń gbé yàrá jókòó ti pátákó Scrabble nínú ọgbà Yunifásítì wa yìí ní Ilé-Ifẹ̀. Èdè ni àwa méjèèjì ń kọ́. Ọ̀rẹ́ mi tẹ́ QI kalẹ̀. Mo ní kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Ó ní òun kò mọ̀, ṣùgbọ́n máàkì mọ́kànlá ni. Èmi náà tẹ́ QAT. Bí ewé ni, bí ẹranko ni, n kò lè sọ. Nígbà tí ó ku O, B àti A lọ́wọ́ mi, mo fi wọ́n sílẹ̀ bí ẹni ń ṣàwàdà. Ọ̀rẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín, ó ní Yorùbá nìyẹn. A ṣí ìwé Collins tí a fi ń dájọ́ eré náà, OBA sì wà níbẹ̀! Máàkì márùn-ún. Mo fò sókè fún ayọ̀.

Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ ni ojú tì mí. Gẹ̀ẹ́sì gba qi lọ́wọ́ àwọn ará Ṣáínà, ó gba qat lọ́wọ́ àwọn Lárúbáwá, ó sì gba ọba lọ́wọ́ wa, ó yọ àmì abẹ́ rẹ̀ dànù, ó fún un ní máàkì márùn-ún, àwa sì ń pàtẹ́wọ́. Adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà!

Ẹnìkan yóò wí pé, “Eré yìí ló gbé Nàìjíríà ga.” Òótọ́ ni. Ní ọdún 2015, ní ìlú Perth ní Australia, Wellington Jighere, ọmọ Nàìjíríà, di ọ̀gá àgbáyé nínú Scrabble Gẹ̀ẹ́sì, ẹni àkọ́kọ́ láti Áfíríkà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ó na Lewis MacKay ará Ìlú Ọba ní àṣekágbá, kò sì jẹ́ kí ó na òun lẹ́ẹ̀kan. Mo kí i, mo sì tún un kí. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún mi pé Scrabble ń kọ́ni ní èdè. Ní ọdún 2015 yẹn kan náà ni Nigel Richards ará New Zealand gba ife àgbáyé ti Faransé, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́ Faransé. Àwọn ọ̀rọ̀ inú ìwé ni ó kọ́ sórí. Ní ọdún 2024 ó tún gba ti èdè Sípéènì. Kí wá ni eré náà ń kọ́ni? Sípẹ́lì ni.

Sípẹ́lì gan-an sì ni àrùn tí ń ṣe wá. Èmi tí mo lè ka gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó ní Q láìní U lórí, nígbà tí a ṣe ìdánwò Yorùbá, “wipe” ni mo kọ dípò “wí pé”, “aiye” ni mo kọ dípò “ayé”, “olopa” ni mo sì kọ dípò “ọlọ́pàá”. Gègé pupa bo ìwé mi. Láti ọdún 1974 ni a ti fọwọ́ sí àkọtọ́ tí ó sọ bí a óò ti máa kọ wọ́n, èmi kò sì mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà ni mo ṣe wí pé kí a ní Scrabble tiwa. Àwọn baba wa kò ṣe aláìní eré ọ̀rọ̀. Wọ́n fi ẹnà sọ̀rọ̀, wọ́n sì pa àlọ́ àpamọ̀. Àwọn kan ń wí pé àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ kò ní jẹ́ kí ó ṣeé ṣe. Irọ́ gbáà ni. Àwọn ará Wales ní tiwọn, LL àti DD sì jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo níbẹ̀. Kí ni yóò dí GB lọ́wọ́? Ẹ yọ C, Q, V, X àti Z kúrò, ẹ fi Ẹ, Ọ, Ṣ àti GB sí i, ó pé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Fáwẹ̀lì méjìlélógójì ni ó wà nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ lẹ́tà ti Gẹ̀ẹ́sì. Tiwa yóò jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé kọ́ńsónáǹtì kì í parí ọ̀rọ̀ wa, àfi n tí ó ń sọ fáwẹ̀lì di àránmúpè.

Ní ti ohùn, ẹni tí ó bá to I, GB àti A, kí ó là á fún wa: igba owó ni, igbá omi ni, tàbí ìgbà òjò? Ẹni tí kò bá lè pè é kí ó sì túmọ̀ rẹ̀, kí ó kó ọmọ rẹ̀ kúrò lórí pátákó. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò gba máàkì lórí ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀.

Iye ọmọ tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan yóò ní ńkọ́? Alfred Butts ará Amẹ́ríkà tí ó dá Scrabble sílẹ̀, ayàwòrán ilé tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní àwọn ọdún 1930 ni. Ìwé ìròyìn ni ó tẹ́ síwájú, tí ó ń ṣírò iye ìgbà tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan fara hàn. Njẹ́ ẹgbẹ́ wa kò lè pín ojú-ewé Aláròyé láàárín ara wa kí a ṣe bẹ́ẹ̀? Àtúmọ̀ èdè tí I. O. Delano fi Yorùbá túmọ̀ Yorùbá ti wà láti ọdún 1958. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, kí a tún sípẹ́lì rẹ̀ ṣe ní ìlànà 1974.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa yóò ka lẹ́tà, ẹ̀yin ẹ bá wa dájọ́ ọ̀rọ̀. Ní tèmi, mo ti bẹ̀rẹ̀: páálí ni mo gé sí wẹ́wẹ́, mo sì ti fi gègé kọ Ọ̀ kan, B kan àti A kan. Máàkì mélòó ni ẹ óò fún ọba?